Ìsinmi Ìbímọ fún Àwọn Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú)

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ yín ń retí. Ọ̀rọ̀ tiwa kò ju ti ọmọ ọwọ́ àti ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó kan àpò Ẹgbẹ́, nítorí náà ni a ṣe gbé e wá síwájú yín.

Nígbà tí àwọn ìyá wa bí wa, kò sí ẹni tí ń ka ọ̀sẹ̀ mọ́ wọn lórí. Bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò di ẹrù wá bá a. Yóò máa wẹ ọmọ, yóò máa fi omi gbígbóná wẹ ìyá ọmọ, yóò sì máa se ọbẹ̀ gbígbóná fún un. Títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, ọlọ́mọ tuntun kò mọ ọ̀nà odò, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà oko. Nígbà tí ó bá sì padà sí ọjà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ wà. Bí ọmọ bá ké, ọmú ni yóò fi rẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ olówó oṣù ni ó kọ́kọ́ já ọmọ kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀, nítorí olùkọ́ kò lè pọn ọmọ kí ó máa kọ ìṣirò sójú pátákó.

Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé obìnrin tí ó bá mú ìwé dókítà wá lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bímọ, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 tí ó tẹ̀lé ìbímọ. Bí ó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó tí yóò gbà kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Lẹ́yìn èyí, ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òfin fi sílẹ̀ fún un láti fún ọmọ lọ́mú. Òun ni Ẹgbẹ́ wa tẹ̀lé nígbà tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi wa sílẹ̀, orí rẹ̀ ni a sì wà títí di òní.

Àwọn mìíràn ti kọjá ibẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ Gómìnà, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù 6 pẹ̀lú owó oṣù wọn lórí ọmọ àkọ́kọ́ àti èkejì, ó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn obìnrin tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16. Ní ọdún 2022 ni ó kéde ọjọ́ 14 fún àwọn bàbá. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wọn. Òjò náà kò tí ì kán sórí àwọn obìnrin tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa níhìn-ín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmú ìyá nìkan, láìfi omi là á, ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ àwọn aboyún bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó ní láti wà ní kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ keje, ọ̀nà wo ni yóò gbà pa àṣẹ nọ́ọ̀sì mọ́?

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, tí a kò ní dárúkọ, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ń kọ́ kíláàsì tí ó kángun sí tiwa. Ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé oṣù méjì. Bí ó bá di agogo mọ́kànlá, omi ọmú a ti rin aṣọ rẹ̀, a sì máa fi ìwé tí a fi ń pe orúkọ àwọn ọmọ bo àyà níwájú wọn. Ògì ni aládùúgbò ń rọ ọmọ náà nílé. Inú ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣu, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó sì lò níbẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ọmọ náà yè. Ìyá rẹ̀ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, kíláàsì náà kò sì ní olùkọ́ títí sáà ẹ̀kọ́ fi parí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Odindi sáà ni wọ́n pàdánù.

Àwa fúnra wa kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a bí àkọ́bí wa, agogo mẹ́jọ kò lù kí a tó dé kíláàsì, a sì rò pé ìwà akin ni a hù. Ìyá aya wa ti di olóògbé nígbà náà. Òun nìkan ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi kaná.

Akápò wa yóò béèrè ẹni tí yóò san owó. Ìbéèrè náà tọ́. Oṣù 6 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sáà ẹ̀kọ́ méjì. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá ní láti san owó olùkọ́ méjì fún sáà méjì, nígbà tí ọmọge bá tún wá wáṣẹ́, ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò kí ó tó wo ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àjọ Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ mọ èyí. Nínú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000, wọ́n ní kí ìsinmi ìbímọ má ṣe dín ní ọ̀sẹ̀ 14, wọ́n sì ní kí a má ṣe di ẹrù owó náà lé agbanisíṣẹ́ nìkan lórí, kí ó ti inú owó àjùmọ̀dá tàbí owó ìlú wá. Kí ni Ẹgbẹ́ wa jẹ́ bí kò ṣe àjùmọ̀dá? Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìbímọ mẹ́rin péré ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ wa. Àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì kò wọ́n nílùú yìí, wọn yóò sì gba kíláàsì fún sáà méjì lówó tí ó mọ níwọ̀n.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ọdún fún èyí, kí olùkọ́ obìnrin gba oṣù 6 pẹ̀lú owó rẹ̀ pé pérépéré, kí olùkọ́ ọkùnrin tí aya rẹ̀ bímọ sì gba ọjọ́ iṣẹ́ 10. Olùkọ́ méjì ni ó lóyún báyìí ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Oyún ọ̀kan ti wọ oṣù kẹjọ. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe ń bẹ Alága kí ó jẹ́ kí a dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ìpàdé òní tó tú.