Àrò Kí Fóònù Tó Dé



L'Ámẹ́ríkà lónìí, ilé-iṣẹ́ olówó ńlá ló ń gba ọ̀pọ̀ olùtọ́jú ọpọlọ síṣẹ́, orí fóònù sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn. Lọ́dún 2023, ìjọba ní kí ọ̀kan nínú wọn, BetterHelp, san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là, lórí ẹ̀sùn pé ó fún Facebook àtàwọn mìíràn ní àṣírí àwọn tó wá ìrànlọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, kì í ṣe olùtọ́jú. Ṣùgbọ́n ta ni aláìsàn máa kọ́kọ́ fura sí?

Lọ́dọ̀ tiwa ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà mìíràn ni Thomas Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, gbà tọ́jú aláìsàn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, Birmingham ló ti kọ́ṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé nílé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní 1954, ó ní kí aláìsàn mú ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò dání, kí wọ́n gba yàrá lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó wà nítòsí. Ìbátan yìí ló ń dáná, tó ń fọṣọ, tó sì ń mú un lọ gba ìtọ́jú. Onílé ń gbowó yàrá tirẹ̀. Lámbò tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́, èyí tó ya ọ̀pọ̀ Òyìnbó lẹ́nu. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Síbẹ̀, ẹ sọ fún ẹnìkan lọ́jà pé "Àrò ló yẹ ọ́", ìjà dé nìyẹn!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní aláìsàn ọpọlọ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́lé. Ẹ mú un lọ s'Árò, kí ẹ sì dúró tì í.