Kálámù Onígi àti Ìyẹ̀ Rẹ̀

A mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọjà'ba dé ni, kò tilẹ̀ tíì jẹun. A ò ní í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ kálámù la fẹ́ bá yín sọ. Kò tíì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ kálámù mú. Ṣùgbọ́n kálámù kì í ṣe àjèjì ní àdúgbò wa yìí. Kí ilé ìwé òyìnbó tó dé Ìbàdàn ni àwọn ààfáà ti ń gbẹ́ kálámù, tí wọ́n ń tì í bọ inú tàdáwà, tí wọ́n sì fi ń kọ̀wé sára wàláà. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń gbẹ́ tiwọn. Èyí tí a ń sọ lónìí, ẹ̀rọ ni a fi ń yí i, ikùn báírò ló sì wà nínú rẹ̀.

Igi tí a fi ń ṣe kálámù kan kò tó nǹkan. Gígùn rẹ̀ kò ju ínṣì 5 lọ, ìbú rẹ̀ kò sì tó ínṣì 1. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi bá ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ lára mu. Àjẹkù pákó tí àwọn káfíńtà ń jù sínú iná ti tó. Ẹ ó rí i ní ọjà pákó Bódìjà, ẹ ó sì rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń kan àga: ìrókò, ọ̀gánwó, apá, òfún. A ó lu igi náà ní ihò láti orí dé ìdí. A ó fi gúlù lẹ páìpù idẹ tín-ín-rín mọ́ inú ihò náà. Lẹ́yìn náà ni a ó gbé e sára ẹ̀rọ ayígi. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí i, a ó fi irin mímú gbẹ́ ẹ títí yóò fi rí roboto, a ó wá fi sáńpépà fá a títí yóò fi máa dán. Àwọn tó ń ṣe ìfẹ̀yìntì, àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó, àti àwọn tí ọmọ wọn jáde ìwé, gbogbo wọn ló ń rà á. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí, kò sì le.

Ìyẹ̀ igi ibẹ̀ ló le.

Oríṣi méjì ni ohun tó ń jáde lára igi. Èyí tí irin mímú ń gbẹ́ kúrò jẹ́ èérún, ó wúwo díẹ̀, ó sì ń bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹni. Èyí tí sáńpépà ń fá kúrò ni ìyẹ̀. Ẹ mọ ìyẹ̀rosùn tí babaláwo ń dà sórí ọpọ́n Ifá. Ẹ mọ bó ṣe kúnná tó. Ìyẹ̀ sáńpépà lè kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kéré jù nínú rẹ̀, ojú kò lè rí i, nítorí pé ìnípọn irun orí ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Kì í sì í tètè balẹ̀. Ẹ lè ti parí iṣẹ́, kí ẹ ti jẹ àmàlà tán, kí ó ṣì máa fò kiri inú ilé lókè orí yín.

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé nígbà tí oòrùn bá mú, kó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú ihò kan ṣoṣo wọlé. Yóò rí ohun tó ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ohun tí ó ń mí sínú láti àárọ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ alẹ́, kó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, yóò rí nǹkan kan náà.

Imú wa ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ dúró. Ìyókù ń bá èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Gbogbo igi kọ́ ló sì ní ìwà kan náà. Òfún kì í fojú rere wo imú: ó ń mú ni sín, ó tilẹ̀ lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀. Arère rọ̀ lọ́wọ́, síbẹ̀ ó ń fa ikọ́ fée fún àwọn kan. Ìyẹ̀ ìrókò ń yún ni lára, ó sì ń dí àyà. Àwọn àgbà ní Olúwéré ń bẹ nínú ìrókò. Ìyẹn kọ́ la ń sọ o. Bí wọ́n tilẹ̀ ti bọ ọ́ kí wọ́n tó gé e, ìyẹ̀ rẹ̀ ṣì ń yún ni.

Èyí tó burú ju yíyún lọ wà. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní High Wycombe. Iṣẹ́ àga kíkàn ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí níbẹ̀, bí a ti mọ Ọ̀jẹ́ sí aṣọ òfì. Dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń wo àrùn etí, imú àti ọ̀fun. Orúkọ rẹ̀ ni Esmé Hadfield. Ó ṣàkíyèsí pé àrùn jẹjẹrẹ inú imú, tí kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn mìíràn, ń pọ̀ jù láàárín àwọn tó ń kan àga. Òun àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1968. Ní 1995, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kọ ìyẹ̀ igi mọ́ àwọn ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Kì í sì í ṣe lọ́dún kan, lọ́dún méjì. Ó lè tó 20 ọdún, ó lè tó 40 ọdún, kí ó tó yọjú. Ẹni tó fà á sínú nígbà tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́ lè ti di bàbá àgbà kí ó tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí ojú àwa náà rí.

Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo-ilé kan ní Beyerunka la gbé ẹ̀rọ wa sí. Ẹ mọ bí ilé ibẹ̀ ṣe fara kan ara wọn: bí ẹnì kan bá sín ní yàrá yìí, ẹni tó wà ní yàrá kejì ni yóò kí i. A ra fáànù ńlá kan, a gbé e sẹ́yìn wa, a ní kó máa fẹ́ wa kí ooru má mú wa, kó sì máa bá wa gbé ìyẹ̀ lọ. A rò pé ọgbọ́n la dá.

Àṣìṣe méjì ni. Èkínní, afẹ́fẹ́ tó ti ẹ̀yìn ẹni wá kò lè gba inú ara ẹni kọjá. Ó ń pín sí ọ̀tún àti sí òsì, ó sì ń ká padà bọ̀ síwájú àyà, bí omi odò ṣe ń ká padà nídìí òkúta. Ìyẹ̀ tí à ń lé lọ, ojú wa ló ń padà bọ̀. Èkejì, èyí tó ráyè lọ gba ojú fèrèsé jáde. Ìyá àgbà kan sì wà tó ń sá gbodo sí ìta fèrèsé náà. Lọ́jọ́ kan ó mú gbodo kan wọlé tọ̀ wá, ó fi èékánná ha á, ó fi ohun tó wà ní èékánná hàn wá. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé èlùbọ́ ìrókò ni mo ní kí ẹ bá mi ṣe?" Ojú tì wá. A san owó gbodo náà fún màmá.

Èyí tó wọ̀ wá lára jù ni ti ọmọ iṣẹ́ wa kan. Ọmọ ọdún 18 ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, òun la sì ń fún ní sáńpépà nígbà gbogbo. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. A ní òtútù ni. Lálẹ́ àyà rẹ̀ a máa dún fín-ín-fín-ín. A fún un ní àgbo, a fún un ní oyin. Nígbà tó lọ sí oko fún ọdún Iléyá, ó lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀, ikọ́ náà sì lọ pátá. Ó padà dé ní ọjọ́ Ajé. Kí ó tó di Ọjọ́rú, ikọ́ ti dé. Nígbà náà la mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà gbọ́ ìtàn oko yìí, ó sì béèrè lọ́wọ́ wa pé irú igi wo ni ọmọ náà ń fá.

Ẹ fi èyí sọ́kàn nípa àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín. Ikọ́ tó bá ń lọ nígbà ìsinmi, tó sì ń dé nígbà iṣẹ́, inú ilé iṣẹ́ ni kí ẹ ti wá a. Bí ara bá sì ti kọ igi kan lọ́nà bẹ́ẹ̀, díẹ̀ nínú ìyẹ̀ rẹ̀ ti tó láti tún un dá sílẹ̀.

A kó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. A gba ṣọ́ọ̀bù tó dá dúró, tí kò fara kan ibi tí wọ́n ti ń dáná. Kí a tó gbé ẹ̀rọ wọlé, a kọ́kọ́ bi ara wa pé ibo ni ìyẹ̀ yóò gbà. Ohun tí a kọ́ ni pé inú ìdí rẹ̀ ni kí a ti mú un, kí ó tó fò. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ jìnnà díẹ̀ sí ẹnu yín, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ mọ̀ ọ́n lára, àbí? Ẹ wá fa atẹ́gùn sínú. Ọwọ́ yín kò mọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fa ìyẹ̀ ṣe rí. Bí páìpù rẹ̀ bá fẹ̀ ní ínṣì 4, tí ẹ sì gbé e jìnnà sí igi ní ínṣì 4, agbára tó kù níbẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, a kan àpótí kékeré tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, a gbé e sẹ́yìn igi tí à ń yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Páìpù ti ìdí àpótí náà lọ sínú dúrọ́ọ̀mù tí èérún ń bọ́ sí, ó sì ti ibẹ̀ lọ sínú àpò aṣọ nípọnnípọn tó wà ní ìta. Inú àpò ni kó wà o, kì í ṣe ojú ọ̀nà. Lásìkò òjò, atẹ́gùn Ìbàdàn sábà máa ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá. Nígbà ọyẹ́, ó ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Ẹni tó bá wo ti oṣù kan ṣoṣo kó tó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀ yóò tún san owó gbodo.

Fáànù tí à ń lò fún ooru, ẹ̀gbẹ́ la gbé e sí báyìí, kì í ṣe ẹ̀yìn. Bí iná ìjọba bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì lè gbé ẹ̀rọ ayígi àti ẹ̀rọ afàyẹ̀ pọ̀, a kì í fi sáńpépà kan igi. Ìta gbangba ni jẹnẹrétọ̀ ń wà, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn.

Ìbomú ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n èyí tí a fi aṣọ rán nígbà Kòrónà kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kà, ẹ wo ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: N95 tàbí FFP2 ni kí ẹ bá níbẹ̀. Kò sì í fara mọ́ irùngbọ̀n. Bàbá ààfáà kan bi wá pé kí wá ni kí òun ṣe. A ò sọ pé kí wọ́n fá a o. A ní kí wọ́n máa ṣe igi gbígbẹ́, kí ẹlòmíràn máa bá wọn fi sáńpépà fá a.

A kì í fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀ gbígbẹ mọ́. A ó wọ́n omi sí i ná. A kì í sì í fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ìyẹ̀ kúrò lára aṣọ. Ẹ̀wù iṣẹ́ ń dúró ní ṣọ́ọ̀bù, kì í bá wa lọ bá àwọn ọmọ nílé. Àwọn tó ń sin adìẹ ń wá gba èérún lọ́wọ́ wa. Àkísà tí a fi epo kun igi, pàápàá epo línsíìdì, a kì í ká a jọ sí igun ilé. Ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi gbiná. Inú omi là ń rẹ ẹ́ sí.

Ọmọ iṣẹ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Kì í fọwọ́ kan òfún mọ́, kì í sì í fi sáńpépà fá igi. Òun ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, tó ń kọ orúkọ wọn àti irú igi tí wọ́n fẹ́ sínú ìwé wa. Kálámù tí òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ yí ló fi ń kọ ọ́.