Wákàtí Eré Kì í Ṣe Òfò



Ọ̀rọ̀ ọmọ wa ni mo bá wá. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ òbí, ẹ máa ń gbọ́ kí ẹnì kan dìde kí ó ní: «Ìwé ni mo ní kí ọmọ mi lọ kà. N kò ní kí ó lọ máa sáré kiri. Ó ti ilé-ìwé dé, òógùn bò ó, kakí rẹ̀ ti ya.» Ẹlòmíràn á sì dáhùn pé eré wà nílé, kò di dandan kí olùkọ́ kọ́ ọmọ ní eré.

Owó kakí kì í ṣe owó kékeré, mo mọ̀. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ wo ọmọ ewúrẹ́. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí a bí i, ó ti ń fò kiri àgbàlá. Ta ló kọ́ ọ? Ara rẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀. Ọmọ ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá ń sáré, ọkàn rẹ̀ ń lù kíkankíkan, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara. Ọkàn náà ń lágbára sí i. Bí ó bá fò sókè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀, eegun rẹ̀ ń le sí i. Ìgbà èwe ni eegun ń kó agbára jọ, agbára tí a óò máa ná títí di ọjọ́ ogbó. Ẹni tí kò bá kó o jọ nígbà náà, ó ṣòro kí ó tó rí i kó jọ nígbà tí ó bá dàgbà.

Orí náà ń jèrè. Ọmọ tó jókòó láti aago 8 títí di aago 12 láìdìde, ojú rẹ̀ wà lára pátákó, ọkàn rẹ̀ ti lọ sí ọjà. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí ọmọ ilé-ìwé ti rí i pé, bí ọmọ bá ti sáré díẹ̀ kí ó tó padà sí kíláàsì, ó máa ń fetí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n sì rí i pé ìwé ọmọ kì í rẹ̀yìn nítorí pé a fi àyè sílẹ̀ fún eré. Bí ìdánwò CEP bá kù díẹ̀, àwọn olùkọ́ kan máa ń pa wákàtí eré rẹ́, wọ́n á fi ìṣirò dí i. N kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀. Àwa òbí ló ń sún wọn.

Báwo ni eré ṣe yẹ kí ó pọ̀ tó? Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí àwọn Faransé ń pè ní OMS, sọ ọ́ ní ọdún 2010, ó tún sọ ọ́ ní 2020. Ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 yẹ kí ó máa fi ara ṣe ohun tí yóò mú èémí rẹ̀ yára, fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Kò ní kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀, 20 lọ́sàn-án, 25 nírọ̀lẹ́. Ẹ rò ó pọ̀, ó pé 60.

Àgbẹ̀ á ní: «Ọmọ mi ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé, ó sì ń bá mi roko. Kí ló tún kù?» Òótọ́ ni, ìrìn náà wà nínú ìṣirò. Ọmọ àrọko Kétu tàbí ti Ṣábẹ lè lágbára ẹsẹ̀ ju ọmọ Àjàṣẹ́ tí zémijan ń gbé lọ gbé bọ̀, tí ó sì jókòó ti fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n oko kì í ṣe eré. Ọkọ́ ń tẹ ẹ̀yìn ọmọ sí apá kan náà. Ẹrù tó wúwo ń tẹ ọrùn rẹ̀. Àgbà ló sì ń sọ ìgbà tí yóò sinmi. Nínú eré, ọmọ ń sá, ó ń yà, ó ń ju nǹkan, ó ń hán an. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ó jókòó. Ó ń kọ́ láti pa òfin mọ́, kí a borí rẹ̀ kí ó má bínú. Àwọn tó wà ní ilé-ìwé lẹ́yìn 1975, nígbà École Nouvelle, rántí oko ilé-ìwé dáadáa. N kò sọ pé ó burú. Mo ní ọkọ́ nìkan kò tó. Bí olùkọ́ kan bá sì ń fi wákàtí eré rán ọmọ yín lọ pọn omi sí ilé ara rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì pe ọmọbìnrin kúrò nínú eré. Ọkùnrin ń gbá bọ́ọ̀lù, obìnrin ń gbálẹ̀ kíláàsì, ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ní eré sísá ń ba ọmọbìnrin jẹ́. Irọ́ ni. Eegun tirẹ̀ náà ń wá agbára.

Níbi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ọmọ tí ara rẹ̀ kò le. Àrùn ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ń mú eegun ro ọmọ, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní SS. Ó wọ́pọ̀ láàárín wa. Bí ọmọ yín bá ní in, ẹ má fi pamọ́ fún olùkọ́. Kì í ṣe pé kí ọmọ náà má ṣeré rárá. Ẹ bi dókítà léèrè ohun tí agbára rẹ̀ gbé. Kí ó máa mu omi léraléra, kí ó máa sinmi nígbà tí ó bá fẹ́, kí ó má sá nínú oòrùn líle. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú un, kí a má sì pè é ní ọ̀lẹ. Bí eegun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tàbí èémí rẹ̀ há, tàbí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ó sinmi.

Ebi pẹ̀lú. Ọmọ tí kò jẹun láti àná, ẹ má ní kí ó sáré. Láti 2017, ètò oúnjẹ ilé-ìwé ti ìjọba Benin ti dé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Níbi tí kò bá dé, kí ọmọ mu ògì kí ó tó jáde. Kí eré jẹ́ ti àárọ̀ tàbí ti ìrọ̀lẹ́, kí omi mímu sì wà nítòsí.

Ó ku pápá. Ẹ lọ wo pápá ilé-ìwé yín. Àfọ́kù ìgò ńkọ́? Kùkùté igi ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti ń mọ ilé wọ inú rẹ̀? Ẹ bi olórí ilé-ìwé bóyá ilẹ̀ náà ní ìwé. Bí kò bá ní, kí ẹgbẹ́ òbí lọ bá mẹ́rì. Sátidé kan tó láti ṣán an, kí a sì da iyanrìn sí ibi tí wọn yóò ti máa fò. Ẹ má dúró de bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kan láàárín ọmọ 50, ọmọ 22 ní ń gbá a, ìyókù ń wòran. Okùn mẹ́wàá sàn jù ú lọ, gbogbo wọn ni yóò fò. Bí okùn bá wà nílé tí ẹ kò fi so ewúrẹ́ mọ́, ẹ mú un dání bọ̀ ní Sátidé náà.