Ìtàn tí a ń fi Etí Kà



Ọmọ Òkè-Igbó, ní ilẹ̀ Oǹdó wa yìí, ni olóògbé D. O. Fágúnwà. Ní ọdún 1938 ni ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde. Àwọn kan a máa wí pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ó gba ipò lọ́wọ́ àlọ́. Àwa kò gbà. Ẹ wo bí ó ti tò ó: arúgbó kan, Àkàrà-ògùn, ni ó tọ òǹkọ̀wé wá, tí ó ní kí ó máa kọ ohun tí òun yóò sọ. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, èrò ti pé láti gbọ́. Ẹnu ọdẹ ni ìtàn náà ti ń jáde. Ṣáájú èyí pàápàá, òǹkọ̀wé bẹ òǹkàwé pé nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kí ó fi ara rẹ̀ sí ipò onítọ̀hún, kí ó sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni. Ẹni tí ó pa ẹnu mọ́ ha lè ṣe èyí bí?

Adẹ́mu mọ igbà tí ó fi ń gun ọ̀pẹ yàtọ̀ sí igbá tí ó fi ń bu ẹmu. Etí ni ó fi mọ̀ ọ́n. Fágúnwà a máa to ọ̀rọ̀ lé ara wọn bí ọdẹ tí ń sun ìjálá. Ẹni tí ó fi ojú lásán kà á yóò ní ó ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n bí ó bá kà á sókè, yóò rí i pé èémí ni a fi wọn gbólóhùn náà. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé yìí sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Síbẹ̀ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò bá a sọdá.

Ẹ̀rù ń bà wá. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kì í ṣí ìwé náà àfi bí ìdánwò bá dé, àwọn ọdẹ tí ó mọ orin igbó sì ń dàgbà lọ. Adébóyè Babalọlá kọ ìjálá tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn ọdẹ sínú ìwé ní 1966. Ta ni yóò ṣe é fún tiwa?

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ìjòyè kí ẹ fi ojúde yín sílẹ̀ ní alẹ́ Sátidé. Ọmọ ilé-ìwé ni kí ó kà, kí àgbà máa tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bí a bá dé ibi tí ọdẹ ti bá ẹranko pàdé, kí ọmọ náà dákẹ́, kí ọdẹ tí ó wà níjòkòó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ó mú un dání.