Òwò àti Ilé ní Etí Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa



Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí òwò kékeré àti ilé níní ní ìhà etí òkun, ẹnu kọ́kọ́ yà wá. Olùkọ́ ni wá, àlùfáà sì ni wá pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí í wá ọ̀nà ọrọ̀ lọ sí ilé irú wa. Ṣùgbọ́n a gbà, nítorí pé ọ̀ràn yìí ti dé ilé tiwa rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé náà ká. Ohun tí ojú wa rí ni a óò fi kún ohun tí ìtàn kọ́ wa.

Ìtàn ni kí a fi ṣáájú. Àwọn Ìdẹ́jọ ni wọ́n ni ilẹ̀ Èkó láti ìwáṣẹ̀. Ìga Ìdúngànrán pàápàá, oko ata Àrómirẹ́ ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù August, 1861, Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tí ó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn òyìnbó kan ti rò pé gbogbo ilẹ̀ ti di tiwọn. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, kò káwọ́ lẹ́rán. Òun àti Herbert Macaulay wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920. Ní 1921 sì ni ìgbìmọ̀ adájọ́ gíga jùlọ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu pé bí ìjọba ti yí padà kò gba ohun-ìní lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí ó gba Olúwa là: ó mọ ohun tí í ṣe tirẹ̀, ó ní ẹ̀rí, ó sì ní ẹni tí ó mọ òfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní òpópónà Kákàwà ní Èkó ni ilé kan wà tí à ń pè ní Ilé Omi. Ará Ìjẹ̀ṣà kan tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ní èwe rẹ̀, João Esan da Rocha, ni ó padà wálé tí ó kọ́ ọ. Kànga wà nínú àgbàlá ilé náà. Ìdílé rẹ̀ sì ń ta omi fún ará ìlú ní àkókò tí omi tí ó mọ́ ṣọ̀wọ́n ní erékùṣù náà. Ilé ni ó gbé òwò ró, òwò sì ni ó bọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n ìdàkejì rẹ̀ ń bẹ. Ní 1856 ni wọ́n lé Ẹfúnróyè Tinúbú kúrò ní Èkó. Ilé rẹ̀ kò lè bá a lọ. Òye òwò rẹ̀ bá a lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí a ti fi í jẹ Ìyálóde ní 1864. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo òwò ni ó lè rìn. Láti 1955 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè, ilé tuntun tí wọ́n bá níbẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń pàtẹ sí iwájú ilé rẹ̀ láti ìgbà èwe wá bá ara rẹ̀ níbi tí oníbàárà kan kò ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní ilé àti òwò pọ̀, kí ó mọ èyí tí ó ní ẹsẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ó tó bẹ́ẹ̀ ní ti ìtàn. Ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ilé tiwa. Àgbádárìgì ni a bí wa sí. Ní 1974 ni bàbá wa ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀bá ọ̀sà, tí ó sì kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí i, ṣọ́ọ̀bù sì wà ní iwájú rẹ̀. Ìyá wa ni ó ń jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àdín àgbọn, iyọ̀, gààrí, ẹja yíyan àti ẹní ni ó ń tà. Nínú èrè rẹ̀ ni a sì ti rí owó ilé-ìwé wa san.

Ìyá wa kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ní agolo méjì lábẹ́ ibùsùn. Owó ọjà wà nínú ọ̀kan. Owó tí àwọn ayálégbé ń san wà nínú èkejì. Bí agolo ọjà bá yá owó lọ́wọ́ agolo ilé, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó fi ń ka gbèsè náà, kò sì ní sùn dáadáa títí yóò fi san án. Àwa tí a ti kàwé máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwa kò mọ̀ pé ọgbọ́n ni à ń fi ṣe ẹlẹ́yà.

Nígbà tí àwọn òbí wa ti lọ tán, àbúrò wa ọkùnrin gba ṣọ́ọ̀bù náà, àwa sì di olórí ẹbí. Agolo méjèèjì di àpótí kan. Ó fi owó ilé ra fíríìjì ńlá, ó fi owó ọjà san oúnjẹ ilé, ó sì yá owó lé e, kí ọjà lè gbòòrò. Àwa tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní ìṣirò kò béèrè ìwé ìṣirò kan lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ní oṣù August, 2019, ìjọba àpapọ̀ ti àwọn ẹnubodè ilẹ̀, ti Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú. Wọn kò ṣí i títí di oṣù December, 2020, àrùn kòrónà sì wọlé sí àárín rẹ̀. Ẹsẹ̀ èrò dín lójú ọ̀nà wa. Gbèsè gun orí gbèsè.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àwọn awọnlẹ̀ dé sí àgbàlá bàbá wa pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn. Àbúrò wa ti gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan lórí ilé náà, láìsọ fún wa. A sáré lọ sí ìdí àpótí ìwé bàbá wa. Ohun tí a bá níbẹ̀ kò ju ìwé pélébé kan lọ, tí a tẹ ìka sí, tí ẹlẹ́rìí méjì fi ọwọ́ sí. Àwọn méjèèjì sì ti kú. Kò sí àwòrán ilẹ̀, kò sí ààlà, kò sí òǹtẹ̀ ìjọba. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ilé náà ti wà lórí ìwé pélébé yìí, a kò sì gbé e dé ibì kankan.

Arúgbó obìnrin kan nínú ẹbí tí ó ta ilẹ̀ náà ni Ọlọ́run lò. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí pèrègún mẹ́rin tí a gbìn sí igun ilẹ̀ náà ní ojú rẹ̀, ó sì dárúkọ gbogbo ẹni tí ó dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Agbẹjọ́rò sì là á yé ẹni tí ó fẹ́ rà á pé ilé ẹbí ni, àti pé bí ọmọ ẹbí kan bá dá tà á láìsí ọwọ́ olórí ẹbí, ọjà náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilé dúró. Ṣùgbọ́n a dá owó ẹni náà padà pé pérépéré, nítorí kò jalè. Ọkọ̀ wa ni a tà, ọdún méjì ni a sì fi san ìyókù. Ní gbogbo ọdún méjì náà àbúrò wa kò bá wa jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí ó bi wá pé, “Bọ̀ọ̀dá, ọjọ́ wo ni ẹ wá wo ṣọ́ọ̀bù rí?”, a kò rí èsì fọ̀. Ẹ̀bi náà jẹ́ tiwa ju tirẹ̀ lọ.

Lónìí, òun ni ó ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù náà ń san owó ilé fún ẹbí lóṣooṣù bí ayálégbé, ìwé ìṣirò méjì sì wà lórí tábìlì.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, nínú èyí ni a ti rí ìmọ̀ràn mẹ́rin.

Èkíní: kí a gbé ìwé ilẹ̀ wa jáde kúrò nínú àpótí. Láti ọjọ́ 29 oṣù March, 1978, òfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ Gómìnà rẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ kọ́kọ́ ní kí awọnlẹ̀ wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fi ọwọ́ sí i pọ̀. Lẹ́yìn náà kí ó gba àṣẹ Gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ànfààní gbogbo ènìyàn, iye ohun tí a kọ́ tàbí tí a gbìn sórí rẹ̀ ni òfin ní kí a san. Kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà ń lọ lọ́jà. Ẹ rántí Mároko, tí wọ́n wó ní oṣù July, 1990, tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn di aláìnílé. Ní 2024 pẹ̀lú, nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etí òkun tí yóò ti Èkó dé Kàlàbá, nǹkan bí 700 kìlómítà, ọ̀pọ̀ ilé òwò ní etí òkun ìhà Oníru ni wọ́n wó.

Èkejì: àpò méjì. Kí òwò má jẹ ilé, kí ilé má sì jẹ òwò. Ẹni tí ó fi ilé ẹbí dúró fún gbèsè ọjà ti gbé àga ìyá rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta: kí a bọ̀wọ̀ fún omi. Òkun jẹ́ onílẹ̀ tí kì í ka ìwé ìtajà. Láàárín 1908 àti 1912 ni wọ́n to òkúta wọ inú òkun ní ẹnu èbúté Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ó ṣe èbúté láǹfààní. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́, etíkun Bar Beach sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, títí ó fi sún sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ. Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ sínú àpò kan ṣoṣo, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí a fi àyè sílẹ̀ láàárín ilé àti omi. Kí a má di ojú àgbàrá. Kí a má fi iyanrìn etí òkun tí a kò fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ po sìmẹ́ǹtì, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò jẹ irin inú ògiri. Atẹ́gùn òkun nìkan tó láti jẹ páànù.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ìjòyè wa ni a bá wí, ẹ má sì bínú sí wa. Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí a tà fún ẹni méjì ni ó ń sọ ọmọ wa di aláìnílé ju òkun lọ. Bàbá yín gbin pèrègún kí ọ̀rọ̀ lè dúró. Kí ẹ̀yin má hú u. Bí owó bá sì di dandan, ẹ fi ilẹ̀ háyà fún iye ọdún kan, kí ó lè padà sọ́wọ́ ọmọ yín. Ohun tí Olúwa ti Èkó rìnrìn-àjò lọ gbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa tà á ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí a bá ti tú ká níhìn-ín, kí olúkúlùkù wa lọ ṣí àpótí bàbá rẹ̀ wò. Bí ó bá bá ìwé pélébé bíi tiwa níbẹ̀, kí ó má dúró de òwúrọ̀ tí awọnlẹ̀ yóò dé. Kí Olódùmarè kí ó fi ìdí ilé wa múlẹ̀, kí ó sì bùkún ọjà wa.