Ọ̀dọ̀ Ta ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ti Ṣẹ̀?

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìdí-Ìrókò, tí ó rí àwọn ọmọdé ìhà ìhín àti ìhà ọ̀hún ibodè tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, yóò ṣòro fún un láti gbà pé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti wá, kì í ṣe ọwọ́ ìlú.

Lóòótọ́, ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell ní Kàlàbá ti na àwọn atukọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní ayò 3 sí 2 lọ́dún 1904. Ṣùgbọ́n ní Èkó, iléeṣẹ́ ni ó sọ eré di ẹgbẹ́. Orúkọ wọn ń jẹ́rìí: Marine, Railway, UAC. Marine ni ó kọ́kọ́ gba Ife Gómìnà lọ́dún 1945. Teslim Balogun, tí ó wà lára àwọn 18 tí wọ́n lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1949, gbá bọ́ọ̀lù fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, ọmọ Yewa tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù ní láti wá iṣẹ́ lọ sí Èkó. (Ta ni yóò bi í bóyá ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin?) Bí iṣẹ́ bá bọ́, ipò inú ẹgbẹ́ a bọ́ pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹgbẹ́ Ìbàdàn gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 1976, IICC, orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba, ni wọ́n ṣì ń pè é.