Àgbàrá Kò Mọ Àlejò

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Trikania, Kaduna

 

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ìlera agboolé. Kí a tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò kan, a gbá ẹ̀yìn ilé wa, a kó ọ̀rá omi, èèpo iṣu, àkísà àti agolo jọ. A kò kó o lọ sí ààtàn. Bí òjò ti ń ṣú ni a dà á sínú gọ́tà, a ní àgbàrá yóò kó o lọ. Lóòótọ́, àgbàrá kó o. Ó kó o dé abẹ́ afárá kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó sì dí i pa. Omi kò rí ọ̀nà lọ mọ́, ó yà wọ ilé ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yìí, ó sì bo ẹnu kànga tí ilé mẹ́rin ń pọn. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fi mú ọmọ méjì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wa tí ó lọ ṣeré níbẹ̀, tí ó sì mu omi. Orí bá wọn ṣe é, wọ́n yè.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tiwa kò tọ àwa tí a dà á, àwọn ọmọ ni ó tọ̀.

Kí ni ó mú wa ṣe bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní ìlú wa, yálà Ọ̀yọ́ ni tàbí Ọ̀fà, Ìlá tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ojú yóò tì wá láti da ìdọ̀tí sí ẹnu ọ̀nà ará ilé. Gbólóhùn kan ni ó ń tàn wá jẹ: "Ilé là ń lọ." Àwọn tí ó bá rélùwéè dé sọ ọ́. Àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957 sọ ọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ United Nigerian Textiles ti ilẹ̀kùn ní 2007, àwọn kan lọ sílé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa rèé. Ìhín ni a bí àwọn ọmọ wa sí. Hausa yọ̀ mọ́ òmíràn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, àwa kò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọ kò lè dúró de ọjọ́ tí a ó lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ ní Trikania. Láti orí òkè Jos ni Odò Kaduna ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba àárín ìlú wa kọjá lọ sí Shiroro, níbi tí wọ́n ti fi omi rẹ̀ ṣe iná mànàmáná, lẹ́yìn náà ni ó wọ inú Odò Ọya. Ọ̀rá tí a jù sí gọ́tà lónìí lè di ti àwọn apẹja Núpé lọ́la.

Ìyà àìmọ́ omi kì í ṣe kékeré. Ní 2021, àrùn onígbáméjì pa ènìyàn tí ó ju 3,600 lọ ní Nàìjíríà. Nítorí náà, kí ẹnu kànga ga ju ilẹ̀ lọ, kí ó ní ìdérí, kí guga kan ṣoṣo máa wọ̀ ọ́, kí a sì máa fi í kọ́, kí ó má sùn nílẹ̀. Ó yẹ kí ṣálángá jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà. A mọ̀ pé ilé wa há, òmíràn kò ní àyè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní i, kí ó máa se omi mímu títí yóò fi hó. Omi mẹ́rúwà pàápàá, ẹ sè é.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, lítà kan, mọ́ ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ṣíbí má kún ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ọsibítù.

Àwọn àgbà yóò rántí wolé-wolé, tí ó máa ń yọjú wo inú ìkòkò omi bóyá tanwíjí wà níbẹ̀. A bẹ̀rù rẹ̀ nígbà náà nítorí owó ìtanràn. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù ìyálé àti baálé di wolé-wolé ilé tirẹ̀.

Èéfín náà ń kọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, èéfín inú ilé pa ènìyàn tí ó tó 3.2 mílíọ̀nù ní gbogbo ayé. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ fi igi gbígbẹ dáná, ní ìta bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí àárò. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá ràn án. Nígbà ọyẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé èédú tí ń jó wọ yàrá sùn. Afẹ́fẹ́ burúkú inú rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun.

Àbá wa nìyí: kí a tó rí òjò àkọ́kọ́ lọ́dún, kí a jùmọ̀ kó gọ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí a ya ọ̀rá sọ́tọ̀, kí a fi èèpo iṣu fún ewúrẹ́. Kí a pe àwọn aládùúgbò wa, Hausa, Gbagyi, Ìgbò àti àwọn yòókù, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, àgbàrá kò sì mọ ẹni tí ó kọ àbàjà yàtọ̀ sí ẹni tí kò kọ ilà.

Àwa tí a da ìdọ̀tí ni a ó kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì.